Ariwo Tí Sàró Kò Gbọ́

Ẹni tó bá gba iwájú ilé kan kọjá ní Ayépé lálẹ́ Sátidé, tí àwọn ará ilé náà sì jókòó ti fíìmù, kò ní láti yọjú wọlé kó tó mọ ibi tí eré dé. Ariwo ni yóò sọ fún un. "Sá! Sá níbẹ̀!" "Má mu ún o, wọ́n ti fi nǹkan sí i!" "Ọ̀rẹ́ ẹ yìí kì í ṣe ọ̀rẹ́!" Ìyá tó ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́ yóò dá ọwọ́ dúró lórí páànù, yóò na ìka tí omi ewùrà bò sí ojú tẹlifíṣọ̀n bí ìgbà tó ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí iṣu. Ọmọ tó jókòó sórí àpótí yóò ti dìde dúró láìmọ̀. Bàbá tó ní òun kì í wo fíìmù, pé ìròyìn lòun ń dúró dè, òun gan-an ni yóò pariwo jù.

Òṣèré tí wọ́n ń kìlọ̀ fún kò gbọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ya eré náà. Ó ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó ti lọ sílé, bóyá oorun ló tilẹ̀ ń sùn ní wákàtí tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sá. Gbogbo ilé ló sì mọ èyí. Ohun tó tún yani lẹ́nu ni pé ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí tí wọ́n ń wo eré kan náà. Wọ́n mọ̀ pé kò ní í sá. Wọ́n mọ̀ pé yóò mu ún. Síbẹ̀ wọ́n ń pariwo.

Àwọn kan ka ìwà yìí sí àìlajú. Nínú gbọ̀ngàn sinimá olówó ńlá l'Ékòó, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ sókè báyìí, àwọn tó wà níwájú lè yíjú padà wò ó tìkanratìkanra. Ṣùgbọ́n ariwo yẹn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wà lára ìdáhùn tó jinlẹ̀ jù lọ tí Yorùbá ní sí ìbéèrè kan tó ti ń da àwọn babaláwo, àwọn àlùfáà àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láàmú tipẹ́tipẹ́: bí ohun tí ẹ̀dá yóò dà bá ti wà ní kíkọ, kí ni ìmọ̀ràn wà fún?

Kò pọn dandan láti rìn jìnnà sí Ayépé kí a tó rí ibi tí ìbéèrè yìí ti wọ inú sinimá. Òsósà, tí òun náà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Odógbolú bíi ti Ayépé, ni ìlú Hubert Ògúndé. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1916. Oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá rẹ̀. Bàbá tó bí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ onífá. Ọmọ tó bá dàgbà sáàárín Bíbélì àti ọpọ́n Ifá, dandan ni kó ronú lórí ẹni tó ń pín àyànmọ́. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni Ògúndé ń ṣe nígbà tó gbé eré olórin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní gbọ̀ngàn Glover l'Ékòó, lóṣù Kẹfà ọdún 1944, fún ìjọ Aládúrà kan ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Ọgbà Édẹ́nì ni eré náà dá lé. Kò sí ẹni tó wọ gbọ̀ngàn náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn tí kò mọ̀ pé Éfà yóò jẹ èso náà.

Fún ọdún 35 lẹ́yìn ìyẹn, orí ìtàgé ni Ògúndé wà. Ìtàgé sì ní àyè. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ eré alárìnkiri ilẹ̀ Yorùbá kì í kọ gbogbo ọ̀rọ̀ eré sílẹ̀. Wọ́n mọ ìtàn, wọ́n mọ orin, wọ́n á máa hun ọ̀rọ̀ ẹnu bí eré ṣe ń lọ. Karin Barber, òyìnbó tó bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí ṣeré, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 2000 bí eré kan náà ṣe ń yí láti alẹ́ ọjọ́ kan sí òmíràn, tí èsì àwọn òǹwòran sì ń ràn án lọ́wọ́ láti dàgbà. Bí obìnrin kan láàárín èrò bá ké pé "Irọ́ lo pa!", òṣèré lè yíjú sí i kó dá a lóhùn, kí gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, kí ọ̀rọ̀ sì gba ibòmíràn kó tó dé ibi tó ń lọ. Òpin eré lè má yí, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ lè yí.

Lọ́dún 1979, Ògúndé gbé Aiyé, eré tó ti ń ṣe lórí ìtàgé, sínú fíìmù. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Ògúndé fúnra rẹ̀ ni Ọ̀ṣẹ́túrá, adáhunṣe tó dojú kọ àwọn àjẹ́. (Gbogbo Yorùbá ló mọ ìdí tí "ayé" fi jẹ́ orúkọ eré bẹ́ẹ̀: bí àgbàlagbà bá ní "ẹ bá mi bẹ ayé", kì í ṣe ilẹ̀ àti òkun ló ní lọ́kàn.) Èrò wọ́ tọ̀ ọ́ lọ. Wọ́n mú ohùn tí wọ́n ń mú lọ sídìí ìtàgé dání, wọ́n pariwo, wọ́n kìlọ̀, wọ́n gbàdúrà. Ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà. Ohun tí wọ́n ti ká sínú agolo fíìmù ni yóò tú jáde, lálẹ́ òní àti lálẹ́ ọ̀la, ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ní Ìbàdàn, láìfi ọ̀rọ̀ kan kún un, láìyọ ọ̀kan kúrò.

Ṣé kì í ṣe ohun tí àwọn baba wa ń pè ní àyànmọ́ nìyẹn?

Ó jọ pé àwọn eléré náà rí i. Lọ́dún 1980, Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, gbé fíìmù kan jáde, ó pè é ní Kádàrá. Lọ́dún 1988, Ògúndé gbé tirẹ̀ jáde, ó pè é ní Àyànmọ́. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni Yorùbá ń fi sọ ohun kan náà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé kò dọ́gba. Láti inú èdè Lárúbáwá ni kádàrá ti wá, ó bá ẹ̀sìn Ìsìláàmù wọ ilẹ̀ wa, ìgbàgbọ́ nínú rẹ̀ sì wà lára ohun mẹ́fà tí Mùsùlùmí gbọ́dọ̀ gbà gbọ́. Àyànmọ́ ní tirẹ̀ jẹ́ ohun tí a yàn mọ́ni lára. Àwọn àgbà tún ní àkúnlẹ̀yàn, wọ́n ní àkúnlẹ̀gbà. Bólájí Ìdòwú to àwọn ọ̀rọ̀ yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ìwé rẹ̀ Olódùmarè lọ́dún 1962. Ẹni tó bá tẹ́tí sí wọn yóò rí i pé wọn kò fẹnu kò lórí ẹni tó ṣe yíyàn. Àkúnlẹ̀yàn ní ẹ̀dá ló fúnra rẹ̀ yàn. Àkúnlẹ̀gbà ní wọ́n fún un ni. Àyànmọ́ ní wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Èdè kan ṣoṣo gba àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra, kò lé ìkankan jáde.

Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1991, fi ọwọ́ kan ibi tó ń dun ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ̀dá bá yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí lọ́run, láìmọ ohun tó wà nínú orí náà, ṣé a lè pe ìyẹn ní yíyàn? Bí kò bá sì jẹ́ yíyàn, báwo ni a ó ṣe dá ẹni tí orí rẹ̀ bà jẹ́ lẹ́bi? Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìtàn Ifá fúnra rẹ̀ fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ láìtì. Wándé Abímbọ́lá kọ ìtàn náà sílẹ̀: ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Oríṣèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, wọ́n ń ti ọ̀run bọ̀ wáyé, wọ́n sì ní láti yà yan orí lọ́dọ̀ Àjàlá. Àwọn méjì lọ tààrà, wọ́n gbé orí tó dára lójú, òjò pa wọ́n lọ́nà, orí ṣá. Afùwàpẹ́ kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Wọ́n dífá fún un níbẹ̀, wọ́n ní kó rú iyọ̀ àti owó, ó gbọ́. Ìgbà tó dé ilé Àjàlá, ó bá amọ̀kòkò náà tó sá pamọ́ sókè àjà nítorí ẹni tó jẹ lówó. Ó bá a san gbèsè, Àjàlá sì ràn án lọ́wọ́ láti yan orí tó le. Ohun tó ya àwọn mẹ́ta yìí sọ́tọ̀ síra wọn kì í ṣe agbára, kì í ṣe ọgbọ́n orí pàápàá, nítorí Afùwàpẹ́ kò mọ orí tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Ẹnì kan sọ̀rọ̀, ó sì gbọ́. Ìmọ̀ràn ti wà kí orí tó wà lọ́rùn ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá wo Sàró. Nínú Aníkúlápó, tí Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, darí, tí Ṣọlá Ọ̀ṣọ́fisan kọ, tó sì jáde lórí Netflix ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ahunṣọ ni Sàró. Ó wá Ọ̀yọ́ láti wá oríire, ó sì kó sínú ìfẹ́ Arọ́lákẹ́, olorì ọ̀dọ́ ní ààfin. Wọ́n pa á sínú igbó. Ẹyẹ Àkàlà wá jí i dìde, Arọ́lákẹ́ sì gba àdó tí ẹyẹ náà ń lò. Wọ́n sá lọ sí ìlú mìíràn. Sàró ń jí òkú dìde, ó lówó, ó gbajúmọ̀, ó fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó, ó sì gbàgbé obìnrin tó gba àdó náà fún un. Nígbà tí ọmọ ọba kú, kò jí i. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọmọbìnrin ọba fún òun.

Níbẹ̀ gan-an ni gbogbo ilé ti máa ń pariwo. "Jí ọmọ ọlọ́mọ dìde kí o máa lọ!" "Sàró, má bèèrè ohun tó jù ẹ́ lọ!" Kò gbọ́. Arọ́lákẹ́ ti ba agbára inú àdó jẹ́. Ọmọ ọba kò jí, ibẹ̀ sì ni Sàró parí ọlá rẹ̀ sí.

Àríyànjiyàn tó tẹ̀ lé fíìmù yẹn kò tíì tán títí di òní. Apá kan ní orí Sàró ni kò gbè é, pé ẹni tí wọ́n ti pa lẹ́ẹ̀kan kò yẹ kó tún máa lo ayé. Apá kejì ní orí kọ́, ìwà ni. Wọ́n ní Àkàlà fún un ní ayé kejì, kò sì sẹ́ni tó ti ọwọ́ rẹ̀ sínú ìgbéraga. Àwọn kan dá Arọ́lákẹ́ lẹ́bi, wọ́n ní kò yẹ kó fi ẹ̀mí ọmọ ọba san gbèsè ọkọ. Àwọn obìnrin mìíràn kò fẹ́ gbọ́ ìyẹn sétí rárá. Ọ̀rọ̀ yìí ń wáyé nílé aṣerunlóge, nínú ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Onígbàgbọ́ yóò mú Júdásì wọ̀ ọ́: ṣé wọ́n ti kọ ọ́ pé yóò da Olúwa rẹ̀, àbí òun ló fẹ́ owó? Mùsùlùmí yóò rántí ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà látẹnu Ànábì sí ẹni tó bèèrè bóyá kí òun tú ràkúnmí òun sílẹ̀ kí òun gbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run: so ó mọ́lẹ̀ ná, kí o tó gbẹ́kẹ̀lé E. Àwọn tó ń jiyàn yìí kò ka Gbádégẹṣin. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Òfin kan tún wà nídìí fíìmù tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀: má sọ òpin rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì wò ó. Ẹni tó bá ní "yóò kú gbẹ̀yìn", èébú ni yóò gbà. Ó yẹ kí a ro ìyẹn dáadáa, nítorí àwọn baba wa a máa ṣe òdì kejì rẹ̀ fún ọmọ tuntun. Bí ọmọ bá dé ayé, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọn yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ babaláwo fún àkọsẹ̀jayé, kí wọ́n lè mọ irú orí tó gbé wá. Wọ́n fẹ́ gbọ́ òpin kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé? Ìdí ni pé ọmọ tiwọn ni. Wọ́n fẹ́ mọ èèwọ̀ rẹ̀, ibi tí kò gbọdọ̀ gbé, iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ ṣe, kí wọ́n lè tètè bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Onífíìmù kò fi àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún wa, ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ kí ó bò ó mọ́ wa lójú, kí ariwo wa lè jẹ́ òtítọ́.

Yorùbá ya gbígbọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára gbígbọ́ràn. Sàró kò gbọ́ wa. Gíláàsì fóònù àti ọdún mélòó kan ló wà láàárín wa. Ẹlẹ́ṣin Ọba, ẹni tó yẹ kó bá ọba tó wàjà lọ, ńkọ́? Ìtàn yẹn ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Aláàfin Síyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà lóṣù Kejìlá ọdún 1944. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ó kan Jìnádù, Olókùn Ẹṣin, láti bá olúwa rẹ̀ lọ, ìjọba òyìnbó dá a dúró, ọmọ rẹ̀ ló sì kú dípò rẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ fi ṣe Ọba Wàjà, Wọlé Ṣóyínká fi kọ eré tirẹ̀ tó jáde lọ́dún 1975, Bíyì Bándélé sì sọ ọ́ di fíìmù, Ọ̀dúnladé Adékọ́lá ni Ẹlẹ́ṣin. Bándélé kú lóṣù Kẹjọ ọdún 2022, oṣù kan péré kí wọ́n tó fi iṣẹ́ náà han ayé ní Toronto. Nínú eré náà, Ẹlẹ́ṣin rí ìyàwó tuntun ní alẹ́ tó yẹ kó lọ. Ìyálọ́jà kìlọ̀ fún un lójúkorojú. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ kedere. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó wo fíìmù náà ṣe ń jà lórí rẹ̀ lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti Sàró: àwọn kan ní òyìnbó ló ba nǹkan jẹ́, àwọn mìíràn ní kí òyìnbó tó dé ni Ẹlẹ́ṣin ti so ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìjà àwọn tó kẹ́yìn yìí ló le jù láti borí, nítorí ohùn ìkìlọ̀ wà nínú eré náà gan-an, kò sì sí ìdènà kankan láàárín ẹnu àti etí.

Nígbà náà, ta ni ń gbọ́ ariwo tí wọ́n ń pa ní Ayépé? Ẹ padà síbi ìyá tó ń rin ewùrà. Nígbà tó ké pé "Ọ̀rẹ́ ẹ yìí kì í ṣe ọ̀rẹ́!", ọmọbìnrin rẹ̀ tó ti lé ní ogún ọdún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ṣa èèpo ewùrà sínú agbọ̀n. Kò gbójú sókè. Ó mọ ọ̀rẹ́ tí ìyá òun ń sọ. Bí ìyá bá pè é sínú yàrá láti bá a sọ ọ́, ìjà ni yóò dà. Ṣùgbọ́n Sàró ni wọ́n ń bá wí, Sàró kò lè bínú. Bàbá tó ń dúró de ìròyìn náà sọ tirẹ̀ nípa ọkùnrin tó ń ná owó fún obìnrin nígbà tí owó ilé ìwé ọmọ wà nílẹ̀, ó sì wo àbúrò rẹ̀ díẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ìmọ̀ràn tí òṣèré kò lè gbà ń bọ́ sórí ẹsẹ̀ àwọn tó wà nínú yàrá. Ẹni tó bá ní ariwo yẹn kò já mọ́ nǹkan nítorí pé okùn fíìmù kò yí, ibi tí kò yẹ ló ń wò.

Ìjọba pàápàá gbà pé ọ̀rọ̀ ń ti ojú sinimá wọ inú ilé. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2024, Shaibu Husseini, olórí àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà, kéde ní Enugu pé àwọn yóò fòfin de fíìmù tó bá ń gbé oògùn owó àti sìgá lárugẹ. Ẹ̀rù tó bà wọ́n kò burú. Ṣùgbọ́n òfin ò lè jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Ọmọ tó dá wo oògùn owó lórí fóònù, tó ti okùn bọ etí, tí kò sẹ́ni tó ké "Má ṣe é!" lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wà nínú ewu ju ọmọ tó wò ó láàárín ìyá, bàbá àti aládùúgbò tó ń pariwo. Ohun tó yẹ kó dun Yorùbá lónìí nìyí: fóònù ti sọ wíwo fíìmù di ohun tí kálukú ń dá ṣe, ariwo náà sì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn òǹwòran kò sì dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ Sàró. Ó ti mọ́ Yorùbá lára láti ìgbà fídíò pé bí eré bá dé ibi tó dùn, yóò já, wọn yóò ní ẹ máa retí apá kejì. Wọ́n retí ti Aníkúlápó náà. Àwọn kan ń bẹ̀bẹ̀ pé kí Sàró padà, àwọn mìíràn ní kí wọ́n fi òkú sílẹ̀ kó sinmi, pé ẹni tí Àkàlà bá jí lẹ́ẹ̀kan kò ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀ẹ̀kejì. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2024, apá kejì dé lóòótọ́, eré onípele, Sàró sì wà nínú rẹ̀: ọ̀run kò gbà á, ayé kò sì ní ibi tó fi sí i. Ẹni tí gbogbo ilé ti sunkún fún tún dìde, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti dákẹ́. "Lọ́tẹ̀ yìí, gbọ́ràn o!"

Ògúndé kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1990. Òsósà ni sàréè rẹ̀ wà. Àwọn ègé kéékèèké inú Aiyé ṣì ń lọ láti fóònù dé fóònù, àwòrán rẹ̀ ti ṣú, ohùn rẹ̀ ń fà. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú Ògúndé lè jókòó tì í ní Ayépé, kó máa wo Ọ̀ṣẹ́túrá bó ṣe dojú kọ àwọn àjẹ́, kó na ìka sí gíláàsì náà, kó ní, "Bàbá, ẹ wẹ̀yìn o!" Ìyá àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ti wo eré yẹn nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge, kò ní í sọ fún un pé bàbá náà ti kú. Òun náà yóò sún mọ́ fóònù.